Gánà-Mọ́sì-Gò: Ìdajì Ìtàn Tó Sọnù

Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Yábà, tó sì fẹsẹ̀ rìn gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Tẹ́júoṣó, kò ní ṣàìrí àwọn àpò ńláńlá kan tí wọ́n fi ọ̀rá hun, tí ìlà pupa, funfun àti búlúù dábùú ara wọn lára wọn. Gánà-mọ́sì-gò ni ẹni tó ń tà á ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń rà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń padà sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń sùn a máa kó gààrí, bùrẹ́dì àti aṣọ sínú rẹ̀. Ìyàwó ilé a máa kó aṣọ tí kò wọ̀ mọ́ sí i. Àwọn oníwèé ìròyìn náà a máa dárúkọ rẹ̀ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fẹ̀sùn kan olóṣèlú pé ó gba rìbá. Orúkọ náà ti mọ́ ènìyàn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Gbólóhùn àṣẹ ni: kí ará Gánà máa lọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, àpò yìí kò sì ní orúkọ kan ṣoṣo láyé. Ní Jámánì, àwọn kan ń pè é ní àpótí àwọn ará Tọ́kì, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ilẹ̀ Tọ́kì wá síbẹ̀. Ní Paris, orúkọ Barbès ni wọ́n fi sọ ọ́, ìyẹn àdúgbò tí àwọn tó wá láti Àríwá Áfíríkà pọ̀ sí. Níbi gbogbo, wọ́n wo ẹni tó gbé e rù, wọ́n sì fi orúkọ ẹni náà pe ẹrù rẹ̀. (Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Louis Vuitton ti ilẹ̀ Faransé ṣe irú àpò yìí fún àwọn olówó, owó gọbọi ni wọ́n sì tà á. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn tó rà á pé kí wọ́n máa lọ.) Orúkọ ti Nàìjíríà ló le jù nínú wọn. Àwọn yòókù dárúkọ àlejò. Ti Nàìjíríà lé e jáde.

Ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983 ni Alhaji Ali Baba, mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú fi Nàìjíríà sílẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn tó ní iṣẹ́ ìmọ̀ lọ́wọ́ rí oore-ọ̀fẹ́ díẹ̀ gbà, títí di ìparí oṣù Kejì. Kò sẹ́ni tó ka àwọn tó lọ pé. Ohun tí àwọn òpìtàn sábà máa ń sọ ni pé wọ́n wà láàárín mílíọ̀nù kan sí méjì, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ará Tógò, Benin, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù náà wà níbẹ̀. Lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, ọkọ̀ tò bí eèrà. Ìjọba Jerry Rawlings ti ti ẹnubodè Gánà sí ọ̀dọ̀ Tógò láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982. Tógò kò fẹ́ kí èrò náà dúró sí òun lọ́rùn. Benin náà sì ti ìlẹ̀kùn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn há sáàárín pẹ̀lú ẹrù lórí, tí oúnjẹ àti omi sì di ọ̀wọ́n. Ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ni Gánà tó ṣí ẹnubodè. Àwọn kan gba orí òkun lọ láti èbúté Àpápá. Àwọn kan kò délé. Ohun tó tètè yá láti kó ẹrù sí, tí owó rẹ̀ kò sì gani lára, ni àpò ọ̀rá náà, bó ṣe gba orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Epo rọ̀bì ló pe àwọn ènìyàn yìí wá. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, nígbà tí owó epo ń wọlé ní Nàìjíríà, tí ọrọ̀ ajé Gánà sì ń wó lulẹ̀, Èkó ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Gánà forí lé. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n rán aṣọ, wọ́n tún bàtà ṣe, wọ́n ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀. Wọ́n sì kọ́ ọmọ, èyí tó yẹ kó kan àwọn olùkọ́ òde òní gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí àwọn ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel ní ọdún 1979, ọmọ kún ilé-ìwé girama bí ẹni pé òjò ló rọ̀ wọ́n sílẹ̀, olùkọ́ kò sì tó. Àwọn ará Gánà wà lára àwọn tó dí àlàfo náà, pàápàá nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún báyìí, ará Gánà ló kọ́ wọn bí a ti ń yanjú ìṣirò. Àṣẹ ọdún 1983 fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ránṣọ tàbí àbúrò wọn tó ń tún bàtà ṣe, kò sì sí ìwé àṣẹ tó lè yí ojú tí wọ́n fi ń wo gbogbo wọn padà. Ní ọdún 1985, ìjọba ológun Muhammadu Buhari tún lé àwọn àjèjì bí 700,000 jáde.

Ibí yìí ni ìdajì kejì ìtàn náà ti yẹ kó wọlé, ìdajì tí orúkọ àpò bò mọ́lẹ̀. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia ní Gánà kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gba ìwé náà, tàbí kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀ kí ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá tó pé. Ọ̀sẹ̀ méjì, gẹ́gẹ́ bí ti Èkó tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ni Busia, kì í ṣe ẹni tí kò mọ ohun tó túmọ̀ sí láti yọ ènìyàn kúrò láàárín aládùúgbò rẹ̀.

Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àjèjì wọ̀nyí. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Gánà ní ọdún 1960, Yorùbá tí wọ́n bá níbẹ̀ tó nǹkan bí 100,000. Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì wà lára ìlú tí wọ́n ti gbéra. Wọ́n tẹ̀dó sí Accra, Kumasi àti Tamale, wọ́n sì wọ abúlé dé ibi tí wọ́n ti ń wa dáyámọ́ńdì. Òwò ni iṣẹ́ wọn jù. Wọ́n ń ta aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, àwo àti ohun èlò wẹ́wẹ́ tí ará oko kò ní torí rẹ̀ lọ sí ìgboro. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bí ọmọ tí Twi yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Alata ni wọ́n ń pè wọ́n. Títí di òní, alata samina ni orúkọ ọṣẹ dúdú ní Gánà, ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ sì gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò Yorùbá ni orúkọ náà ti wá. Gánà náà ní ohun kan nílé tí orúkọ àlejò wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kàkà kí orúkọ náà lé àlejò, ńṣe ló ń jẹ́rìí ohun tó mú wá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ọjà di ohun tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ fún ẹni tó mọ̀ pé ọlọ́jà kò lè dúró. Gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ di àbùṣebùṣe. Ilé tí ènìyàn fi ogún ọdún kọ́ di ohun tó ń fi sí abẹ́ ìtọ́jú aládùúgbò, bí aládùúgbò náà bá jẹ́ olóòótọ́. Nàìjíríà tí wọ́n ní kí wọ́n padà sí wà lójú ogun abẹ́lé lọ́wọ́. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970 ni ogun náà tó parí. Àwọn ọmọ tí kò fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí ni wọ́n sọ fún pé kí wọ́n máa lọ sílé. Ilé wo?

Àwọn kan wà tó máa ń sọ pé ẹ̀san ni ti ọdún 1983, pé ohun tí Gánà gbìn ló ká. Ọ̀rọ̀ yìí dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò dúró lórí ẹsẹ̀. Wọ́n ti gba ìjọba lọ́wọ́ Busia láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1972, ó sì kú ní ọdún 1978. Ọ̀dọ́ tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní Sẹ̀mẹ̀ lọ́dún 1983 kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje lọ nígbà tí wọ́n ń lé Yorùbá. Kò sì sí ẹni tó pe àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ jọ láti béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí wọ́n gbẹ̀san fún wọn. Owó epo ló já wálẹ̀, ìdìbò ọdún 1983 ló ń bọ̀, ìjọba sì nílò ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Gánà ọdún 1969: àìríṣẹ́ṣe pọ̀, gbèsè wà lọ́rùn ìjọba tuntun, àlejò tó ní ṣọ́ọ̀bù ló sì rọrùn jù láti nàka sí.

Àríyànjiyàn kejì lágbára díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní òfin ni òfin, àwọn àjèjì náà kò ní ìwé. Òtítọ́ ni pé àdéhùn ECOWAS, ẹgbẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní Èkó níbí ní ọdún 1975, fún ọmọ orílẹ̀-èdè kan láyè láti wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, kì í ṣe títí ayé. Ìjọba kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣọ́ ẹnubodè rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó sùn ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ wà, tó jí lọ́jọ́ tí owó tán, tó sì fún odindi ìdílé ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti tú ilé ká, irú òfin bẹ́ẹ̀ kò bá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ wí. Ẹni tó rọrùn láti mú ló ń wá. Òfin kan náà ni ìjọba Gánà nà sí àwọn Yorùbá. Bí ó bá burú ní Kumasi, kò lè dára ní Yábà.

Ilẹ̀ tí Yábà dúró sí pàápàá yẹ kó rán ènìyàn létí. Èbúté-Mẹ́tta, tó fara ti Yábà, gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùgbé rẹ̀ àkọ́kọ́ láti inú ìlélọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, nígbà tí aáwọ̀ láàárín àwọn aláṣẹ Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó dójú ẹ̀, àwọn èrò ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn míṣọ́nnárì ní Abẹ́òkúta, wọ́n fọ́ wọn, wọ́n kó wọn lẹ́rù. Ìfọ́lé ni àwọn Ẹ̀gbá ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ìwé Ìròyìn ti bàjẹ́, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní ọdún 1859. Àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì lọ. Ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ tẹ̀ lé wọn, títí kan àwọn Sàró tí a ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n ti padà wálé láti Sierra Leone, tí wọ́n wá tún di ẹni tí wọ́n ń lé nínú ìlú baba wọn. Gómìnà Glover, tí ọwọ́ tirẹ̀ kò mọ́ nínú aáwọ̀ náà, ló fún wọn láyè ní Èbúté-Mẹ́tta, ilẹ̀ tó jẹ́ ti àwọn Olóto, ó sì la òpópónà tó tò gbọọrọ fún wọn. Yorùbá ló lé Yorùbá. Ẹ̀sìn àti ìfura ló sọ wọ́n di àjèjì, kì í ṣe èdè, kì í ṣe ilà ojú.

Kí ni yàrá ẹ̀kọ́ Yorùbá ń sọ nípa gbogbo èyí? Àlejò ṣíṣe jẹ́ orí kan tó dùn ún kọ́ nínú ẹ̀kọ́ àṣà. Olùkọ́ a ní Yorùbá fẹ́ràn àlejò, akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ọ́ sílẹ̀, ìdánwò a béèrè rẹ̀, ó parí. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn òwe tó wà nílẹ̀ dáadáa. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ́ ẹ̀wà kan. Ẹnu ta ni òwe wọ̀nyí ti jáde? Ẹnu onílé ni. Onílé ló ń gbà, onílé ló ń fúnni, onílé ló ń rẹ́rìn-ín àìmọ̀kan àlejò. Kò sígbà kan tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ohùn àlejò fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì sọ fún un pé Yorùbá ni àlejò náà nígbà mìíràn. Èdè kan náà tó bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ fún àlejò ló bí kòbókòbó fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ èyí lójoojúmọ́ nínú ọjà àti nínú ọkọ̀, ìwé rẹ̀ nìkan ni kò gbọ́ ọ. Ó tún wá ṣẹlẹ̀ pé láti sáà ẹ̀kọ́ 2009/2010, ìjọba àpapọ̀ yọ ẹ̀kọ́ ìtàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àdáni kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí wọ́n tó pàṣẹ kí wọ́n dá a padà. Láàárín ìgbà náà, bí olùkọ́ Yorùbá kò bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò sọ ọ́.

Ilẹ̀ Faransé fi àpẹẹrẹ kan lélẹ̀ nípa bí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. Ní ọjọ́ 16 àti 17 oṣù Keje ọdún 1942, nígbà tí Jámánì gba Paris, àwọn ọlọ́pàá Faransé fúnra wọn ló mú nǹkan bí 13,000 àwọn Júù, tó fi mọ́ ọmọdé tó lé ní 4,000. Pápá eré kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn sí kí wọ́n tó fi wọ́n ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti pa wọ́n. Júù tó wá láti ìlú òkèèrè ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wọn. Àwọn ọmọ wọn púpọ̀ sì ni wọ́n bí ní Faransé. Fún àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀, àwọn aláṣẹ ń sọ pé kì í ṣe Faransé ló ṣe é, ìjọba tí ogun bí ni. Ọdún 1995 ni Ààrẹ Jacques Chirac jáde, tó ní Faransé ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ìlélọ wé ìpakúpa. Ohun tó bára mu nínú wọn ni iye ọdún tí ìlú kan lè fi yẹra fún orúkọ ara rẹ̀ nínú ìtàn. Láti ọdún 1983, ó ti lé ní ogójì ọdún.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti àná nìkan. Ní oṣù Keje ọdún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn aláìní kan tí wọ́n jẹ́ Ìgbò lọ já sílẹ̀ ní Onitsha. Orílẹ̀-èdè kan náà ni, ẹnubodè kankan kò sí láàárín. Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá tọrọ àforíjì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, èyí tó jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọba kì í ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdìbò gómìnà dé ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2023, wọ́n dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láti dìbò ní àwọn àdúgbò kan ní Èkó, nítorí orúkọ wọn tàbí nítorí pé ojú wọn jọ ti Ìgbò. Ó kan Yorùbá pàápàá, àwọn tí àwọn jàǹdùkú wò tí wọ́n ní wọn kò jọ Yorùbá tó. Olùdíje kan tí baba rẹ̀ jẹ́ Yorùbá láti ìdílé tó lórúkọ ní Èkó rí i pé ẹ̀yà tí ìyá rẹ̀ ti wá di ohun tí wọ́n fi ń bá a jà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ilé-ìwé girama báyìí gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù wọn. Wọ́n mọ orúkọ tí wọ́n pe ará ilé kejì.

Ohun tí olùkọ́ kan ní Yábà lè ṣe kò nílò owó ìjọba. Kí ó gbé àpò kan wá láti Tẹ́júoṣó, kí ó gbé e sórí tábìlì níwájú kíláàsì, kí ó sì kọ ọjọ́ méjì sójú pátákó: 18 oṣù Kọkànlá 1969, àti 17 oṣù Kìn-ín-ní 1983. Kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan béèrè nílé: ta ni nínú ẹbí wọn ló gbé Gánà rí, ta ni ará Gánà kọ́ níwèé rí, ta ni bàbá rẹ̀ àgbà sá wá sí Èbúté-Mẹ́tta. Ilé tí wọn kò ti ní rí ẹnì kankan kò ní pọ̀. Àwọn ọmọ Ìgbò tó wà nínú kíláàsì náà yóò ní ìtàn tiwọn, kí olùkọ́ fún wọn láyè láti sọ ọ́ ní èdè tó bá wọ̀ wọ́n lẹ́nu. Lẹ́yìn èyí, kí ó wá kọ́ wọn ní àlejò ṣíṣe, kí ó sì ní kí wọ́n kọ àròkọ náà láti ẹnu àlejò.

Wọ́n ń ta àpò ọ̀rá náà ní Gánà pẹ̀lú. Àwọn ará Gánà kò pè é ní Nàìjíríà-mọ́sì-gò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀. Efiewura sua me ni wọ́n ń pè é ní èdè Akan: onílé, gbé e rù mí.